Ta Ló Ní Nǹkan Òkùnkùn Ni Àlọ́ Yorùbá?

   Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ kọ́ la gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìdìbò kọ́. Ọ̀rọ̀ àlọ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ kà á dópin ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn òbí kan láàárín wa ti ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn ṣe eré àlọ́ Yorùbá mọ́ níbi àríyá àwọn ọmọdé. Wọ́n ní iwin wà nínú ẹ̀, agbárí ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ìjàpá ń kọrin, pé ẹ̀mí òkùnkùn ni gbogbo ẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ní ká fi rọ́pò ẹ̀? Cinderella! Wọ́n ti ń wá aṣọ funfun àti bàtà tó ń dán kiri ọjà fún ọmọ tí yóò jẹ́ Cinderella.

Àwa ò gbà. A ò sì ní sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Cinderella yẹn fúnra ẹ̀ ná. Obìnrin kan yọ lójijì níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó fi ọ̀pá kan elégédé, elégédé di kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó fi kan èkúté, èkúté di ẹṣin. Tí ó bá di aago méjìlá òru, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, ká sọ òótọ́ síra wa: bí ìyá àgbà kan bá ti Ọ̀fà dé lọ́la, tó ní òun rí obìnrin tó sọ elégédé di mọ́tò lóru, kí lẹ máa pè é? Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé òyìnbó ló sọ ọ́, ó di ìtàn tó dùn fún ọmọdé.

Charles Perrault, ará Faransé, tẹ tiẹ̀ jáde ní 1697. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm náà kó tiwọn jọ ní Jámánì. Nínú ti Grimm, ọmọ ìyàwó bàbá Cinderella kan gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀, èkejì gé gìgísẹ̀, kí bàtà lè bá wọn mu. Ẹ̀jẹ̀ ń kún bàtà. Nígbà tó yá, ẹyẹ sọ ojú àwọn méjèèjì jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀ yẹn nínú fíìmù tí Walt Disney ṣe ní 1950, òun ni àwọn ọmọ wa mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àlọ́ wa lẹ́rù jù, ti òyìnbó náà lẹ́rù. Wọ́n kàn bá wọn tún tiwọn ṣe ni. Ta ló ń bá wa tún tiwa ṣe?

A sì ní tiwa. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà, ẹ rántí ti ọmọ aláìníyàá tí orogún ìyá rẹ̀ rán lọ fọ igbá lódò. Bí wọ́n ṣe ń pa á yàtọ̀ láti ilé dé ilé, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀ kan náà ni. Odò gbé igbá lọ, ọmọ tọ odò lọ títí ó fi bá arúgbó kan pàdé, arúgbó tí kò ṣeé wò lójú. Ọmọ náà ò yọ ṣùtì sí i, ó bá a ṣiṣẹ́ ilé. Nígbà tó ń lọ, arúgbó ní kó wọ inú oko lọ já akèrègbè: èyí tó bá ń pariwo pé kó já òun, kó fi í sílẹ̀, èyí tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni kó já. Nígbà tó fọ́ ọ nílé, ọrọ̀ ló tú jáde. Orogún wá rán ọmọ tiẹ̀ náà lọ. Ìyẹn fi arúgbó ṣẹ̀sín, ó já èyí tó ń pariwo, ejò àti àkekèé ló bá nínú ẹ̀.

Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Bàtà ló bá Cinderella lẹ́sẹ̀ mu, òun ni ọmọ ọba fi mọ̀ ọ́n. Ìwà àti iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé ọmọ aláìníyàá tiwa lékè, pẹ̀lú ọgbọ́n pé ohun tó ń pariwo ara ẹ̀ kọ́ ló dára jù. Èwo lẹ fẹ́ kí ọmọ yín gbé sùn?

Èyí tó ká wa lára jù ni àlọ́ tí wọ́n ní ká yọ kúrò gan-an: àlọ́ ọkùnrin arẹwà tó yá ẹ̀yà ara. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò gbọ́ ọ rí, òun nìyí ní ṣókí.

Ọmọbìnrin kan wà, ó rẹwà, gbogbo ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ bá fi hàn án, ó ní òun ò fẹ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó rí ọkùnrin kan tó pé láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ olówó ńlá lára ẹ̀. Ó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin ní kó padà, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó yá padà fún àwọn olóhun: ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ikùn, ìhà, apá, ọrùn, títí dórí awọ ara. Ó ń san owó bó ṣe ń dá a padà. Nígbẹ̀yìn, agbárí lásán ló kù. Ọmọbìnrin fẹ́ sá, agbárí fò lé e, ó mú un lọ sínú ihò tí àwọn ẹbí agbárí ń gbé. Wọ́n so owó ẹyọ mọ́ ọn lọ́rùn, ohùn ò sì lè jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Àlọ́ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa. Ẹni tó gbé e dé etí gbogbo ayé ni Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920. Ó fi sínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ìtàn ọ̀mùtí kan ni. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi ẹ̀ jẹ́ 560,000. Á mu kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 láàárọ̀, á tún mu 75 lálẹ́. Nígbà tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, ọ̀mùtí dìde, ó ní òun ń lọ wá a ní ìlú àwọn òkú. Ojú ọ̀nà yẹn ló ti gbọ́ nípa ọmọbìnrin tí agbárí gbé lọ. Ó sọ ara ẹ̀ di aláǹgbá, ó tẹ̀ lé arẹwà náà wọ inú igbó, ó gba ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀, ó sì fi í ṣe aya.

Ta ni Tutuola? Ọmọ àgbẹ̀ kòkó tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ló lò nílé ìwé. Ó ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler, lẹ́yìn ogun ó di mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Mẹ́sẹ́ńjà ló kọ ìwé yìí! Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer lọ́dún 1952 yẹn náà, wọ́n sì tún tẹ ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún kejì.

Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa bínú. Ní 1954, lẹ́tà wà nínú ìwé ìròyìn West Africa tó ní kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò dára, wọ́n ní àlọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni, ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn pé òyìnbó á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú ni gbogbo ẹ̀. Àfìgbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ gbé e jáde lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tí wọ́n pè é ní Láńkẹ́ Ọ̀mu, ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tó ti jẹ́ tiwọn láti ilẹ̀.

Ìtìjú ọdún 1954 yẹn náà ló tún dé sí Sabon Tasha yìí. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Nígbà yẹn, aṣọ ọ̀mọ̀wé ló wọ̀. Lónìí, aṣọ ẹ̀sìn ló wọ̀.

A sì fẹ́ fèsì sí ti ẹ̀sìn yẹn dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn ń lọ mọ́sálásí, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́: ta ló tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938? Ilé ìtẹ̀wé CMS ni, ti ìjọ Áńgílíkà. D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́, ọmọ Òkè-Igbó, tíṣà ni, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ni. Iwin kún inú ìwé náà fọ́fọ́, ìwàásù náà sì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ló kà á nílé ìwé. Èwo nínú wọn ló di abọ̀rìṣà nítorí ẹ̀? Àwọn àlùfáà tó mú Bíbélì wá fún wa fúnra wọn mọ ìyàtọ̀ láàárín àlọ́ àti ìbọ. Báwo ló ṣe jẹ́ pé àwa ọmọ ọmọ wọn ni kò mọ̀ ọ́n mọ́?

Kí á tún fi èyí kún un. Fágúnwà ò kú sí Òkè-Igbó. Ilẹ̀ òkè ọya níhìn-ín ló kú sí, inú omi ni, ní Wuya lẹ́bàá Bida, ní oṣù Kejìlá 1963, nígbà tó ń bá ilé ìtẹ̀wé Heinemann ṣiṣẹ́ ìwé kiri. Wuya wà létí odò Kàdúná. Odò tó ń gba ìlú wa kọjá yìí ló ń ṣàn lọ síbẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbé etí odò yìí má mọ orúkọ ọkùnrin náà.

Ẹ tún wo àwọn aládùúgbò wa. Ní Zaria, tí kò jìnnà sí wa yìí, ni Abubakar Imam ti kọ Magana Jari Ce ní àwọn ọdún 1930. Ó mú nínú àlọ́ Grimm, ó mú nínú ti àwọn Lárúbáwá, ó bọ́ ẹ̀wù òyìnbó lọ́rùn wọn, ó wọ̀ wọ́n ní babaríga. Ayékòótọ́ kan ló ń pa gbogbo àlọ́ náà fún ọmọ ọba kó má baà lọ sójú ogun. Mùsùlùmí ni Imam, ayékòótọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ò sì ba ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́. Títí dòní, àwọn ọmọ Hausa mọ ìwé yẹn bí ẹni mowó. Wọ́n mọ Gizo náà, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ wọn. Àwọn ọmọ tiwa tó ń bá wọn ṣeré ládùúgbò náà ti mọ Gizo. Ìjàpá ni wọn ò mọ̀.

Ohun tí Imam ṣe yẹn ni ìdáhùn wa fún àwọn tó máa ní a kórìíra Cinderella. A ò kórìíra ẹ̀. Ẹ mú un wá! Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀ ọ́ ní ìró àti bùbá, kó sọ Yorùbá, kó bá orogún ìyá rẹ̀ gbé ní agbo ilé, kó pàdánù bàtà lóde ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá yá ìtàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń rán an mọ́ ara ẹ̀. Gbígbé e wọlé tòun ti Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, tòun ti irun funfun ẹ̀, ká wá lé tiwa jáde fún un, ohun tí a ò gbà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé àwọn tó wà lókè òkun ń wá ohun tí à ń sọ nù yìí kiri. Ní 2021, Natasha Bowen, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Wales lára, tó ń gbé Cambridge ní Ìlú Ọba, kọ ìwé kan tó pè ní Skin of the Sea. Ó mú àlọ́ The Little Mermaid tí Hans Christian Andersen ará Denmark tẹ̀ jáde ní 1837, ó sì fi Yemọja sí i. Nínú tiẹ̀, ọmọbìnrin inú omi náà, Simi, ń gba ẹ̀mí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n kú sínú òkun, kí ẹ̀mí wọn lè rí ọ̀nà padà sílé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òtútù ń ka èyí. Àwa tí ọkọ̀ ọjọ́ kan lè gbé dé Ìlọrin, tí ìyá àgbà ṣì wà láàyè ní abúlé, à ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó bá dárúkọ Yemọja.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa gan-an.

Ọkùnrin tó yá ẹ̀yà ara ò tíì kú. Ó wà lórí fóònù. Mọ́tò tó fi ya fọ́tò, ti ẹlòmíràn ni. Ilé tó dúró síwájú ẹ̀, ti ẹlòmíràn ni. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọlọ́lá, ó kọ́ ọ ni. Ó ní òun ní iṣẹ́ fún un lókè òkun, kó ṣáà máa bọ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ á tẹ̀ lé e wọ inú igbó. Ibẹ̀ ni yóò ti máa rí i tí gbogbo ohun tó yá ń bọ́ lára ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, títí tó fi máa ku agbárí. Nígbà yẹn, wọ́n á ti gba páàsì lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ti gba fóònù. Owó ẹyọ ti wà lọ́rùn ẹ̀ nìyẹn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ sọ fún wa, kí ni Cinderella fẹ́ sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Pé alẹ́ ọjọ́ kan tó láti mọ ọkọ? Pé kó ṣáà wọ aṣọ tó dára, ọmọ ọba ń bọ̀? Àlọ́ tiwa kọ́ ọ láti bi í pé: "Ẹsẹ̀ ta lo fi dúró yìí?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Àwọn ọmọkùnrin náà ní tiwọn nínú ẹ̀. Ọmọ tó ń yá aṣọ, tó ń yá bàtà, tó ń fi owó olówó ṣe fàájì, kó gbọ́ pé ọjọ́ ìdápadà ń bọ̀, wọ́n á sì gba owó lé e.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa kan á ní àlọ́ yẹn ń kọ́ ọmọ pé kó gba ẹnikẹ́ni tí bàbá bá mú wá. Ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, a ò ní dà á nù. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà kan ti fi dẹ́rù ba ọmọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Tutuola ṣe parí tiẹ̀. Bàbá ọmọ náà ò ní "ìyà tó tọ́ sí i ló jẹ ẹ́." Ó wá ẹni tó máa lọ gbà á padà. Ibi tí a fẹ́ kí òbí fetí sí nìyẹn: ọmọ tó bá ṣìnà, ọmọ wa ṣì ni, ẹ dìde lọ wá a. A lè pa àlọ́ náà báyìí, kò sí ẹni tó ní ká má yí i. Láti ẹnu dé ẹnu ló ti ń yí bọ̀.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ọmọ ò gbọ́ Yorùbá tó. Kí ló fà á tí wọn ò fi gbọ́? Hausa ni wọ́n ń sọ ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, Yorùbá tó kù ni "wá jẹun", "lọ wẹ̀", "pa tẹlifíṣọ̀n yẹn", "ṣé orí ẹ pé báyìí?" Èdè tó jẹ́ pé àṣẹ àti èébú nìkan ni ọmọ ń gbọ́ nínú ẹ̀, ta ló máa fẹ́ràn ẹ̀? Inú àlọ́ ni ọmọ ti ń bá èdè ṣeré. Orin àlọ́ tí a ń dá tí wọ́n ń gbè, ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ọmọ ti mọ ohùn ẹ̀ lókè nílẹ̀. Kò sí lẹ́sìn-ìn tí ẹ máa sanwó fún tó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ dá eré ọkùnrin tó yá ẹ̀yà ara padà síbi àríyá àwọn ọmọ. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀, kó wá jókòó síbi ìdánrawò, kó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Kò sí ohun tí a fi pamọ́.

Èkejì, tí iná bá lọ lálẹ́ (a mọ̀ pé ó máa lọ), kí ilé kọ̀ọ̀kan pa àlọ́ kan. Ẹ má tan fóònù. Tí ìyá àgbà bá wá kí yín láti ilé, ẹ má jẹ́ kó padà láìjẹ́ pé ó pa mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù kí ọjọ́ tó lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn kó bá wa wá Fágúnwà kiri, ká fi ṣe ilé ìkàwé kékeré fún àwọn ọmọ wa.

Àwọn baba wa tó bá rélùwéè dé Kàdúná, àti àwọn tó wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, kò sí nínú wọn tó kó dúkìá wá. Àlọ́ wà lára ohun tí wọ́n rí gbé wá, torí pé kò wúwo. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ẹ̀yin ẹ mọ ìtumọ̀ Sabon Tasha dáadáa: ibùdókọ̀ tuntun ni. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tuntun kì í fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ kó tún wá máa yá ẹrù ẹlẹ́rù.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó sọ tiẹ̀, a ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ pe ọmọ ẹ̀ sọ́dọ̀, kó ní "Ààlọ́ o!" Tí ọmọ náà ò bá mọ ohun tí wọ́n fi ń dáhùn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wa ti débẹ̀.